Àbá Ìwádìí Ìyàwó Ilé

Ọ̀rá ni ìyá ọkọ mi ń tà. Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá funfun, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, èyí tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín, àti eléyìí tó nípọn tí àwọn tó ń ti Sekona bọ̀ máa ń rà láti fi kó gààrí sí. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé wa gan-an, nínú agbo ilé àtijọ́ kan ní Ẹdẹ, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá kí wa, àárín ọ̀rá ni yóò gbà kọjá. Inú ilé yìí kan náà ni èmi ìyàwó wọn jókòó sí tí mo ń kọ àbá ìwádìí láti mọ̀ bóyá ewé dára ju ọ̀rá lọ.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n gbé ìdì tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Ewé eéran?" ni wọ́n wí. "Èyí tó wà nínú igbó yẹn? Ṣé o fẹ́ kí n kógbá sílé ni?"

"Rárá o, Màmá. Ìwé lásán ni."

"Ìwé lásán ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n wá bá wọn gbé ìdì náà sórí pẹpẹ.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan níbí. Ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ń lọ sí yunifásítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ṣòro láti sọ. Ẹ̀kọ tí a fi ewé eéran pọ́n, tí a gbé kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, adùn rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀. Ti inú ọ̀rá máa ń yọ omi, á sì kan. Kí ló wà nínú ewé náà? Àti pé bí a bá ń gé àwọn igi ńlá inú oko lulẹ̀ báyìí, níbo ni ewé tó fẹ́ràn ibòòji yóò máa hù sí? Mo ti ń ro ó láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, kò sì sí ẹni tó dá mi lóhùn, ni mo bá ní kí n wádìí rẹ̀ fúnra mi.

Ṣùgbọ́n mo ti dá ẹ̀kọ́ náà dúró nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo tún dá a dúró nígbà tí mo bí èkejì. Yunifásítì wá kọ̀wé sí mi pé ọdún yìí ló kù: kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò, tàbí kí n gbà pé ó ti parí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò náà sì kọjá agbára owó oṣù olùkọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ mi ló sọ fún mi nípa àjọ kan tó máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi lówó ìwádìí. Bí mo bá rí i gbà, mo wọlé nìyẹn. Bí n kò bá rí i, èmi àti ewé eéran ti dágbére fún ara wa, àfi ká tún pàdé nínú ìkòkò. Mo fẹ́ ẹ gan-an. N kò lè ṣe bí ẹni pé n kò fẹ́ ẹ.

Orí tábìlì tí a ti ń jẹun ni mo ti kọ ọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti kó àwo kúrò. Ìgbà tí mo parí èyí àkọ́kọ́, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì máa ń ti awò ojú wọn sókè sí iwájú orí bí nǹkan bá ti fẹ́ bí wọn nínú. Wọ́n ka ojú ìwé kìíní, wọ́n ti awò sókè.

"Ta ni ò ń kí láti àárọ̀?"

Òótọ́ ni. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àjọ náà, mo ti kí àwọn baba wọn àti ìyá wọn tán. Mo ti sọ bí àwọn ìyá wa ní Ẹdẹ ṣe ń lo ewé láti ayébáyé. Ó di ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì kí n tó sọ pé mo fẹ́ nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ṣé kí n kàn já wọ ilé onílé ni?"

"Já wọ̀ ọ́. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, sọ ìdí rẹ̀, sọ bí wàá ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá fún ọ tán, kó o wá máa kí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Mo bínú díẹ̀, n kò purọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá débi tí kò kí èèyàn tó ti ń bèèrè nǹkan, oúnjẹ rẹ̀ á pẹ́ kó tó dé iwájú rẹ̀. Àmọ́ mo padà sílé, mo gé e. Mo gé ìkíni, mo gé ọpẹ́, mo gé àwọn ìyá wa. Ohun tó kù gbẹ lójú mi bí ẹ̀fọ́ tí kò ní epo. Ọ̀gá kà á, wọ́n fi awò sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n ní, "Ó dáa báyìí."

Ó wá ku ẹyọ nǹkan kan. Àjọ náà fẹ́ kí ẹnì kan tó ń gbé nítòsí oko bá mi lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí yóò máa bójú tó àwọn ewé náà lọ́jọ́ tí mo bá wà ní kíláàsì. N kò ní láti wá a lọ jìnnà. Àbúrò ọkọ mi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́, òun ló sì ń dáko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́nà Alajue.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan níbí fún ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣe. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sínú ilé kí o tó wọlé, ì báà jẹ́ pé ó ṣì ń rá kòrò lọ́jọ́ ìyàwó rẹ, ó ṣáájú rẹ. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe tìrẹ láti pè. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá wo ojú rẹ̀, tí wàá sọ ọ́ ní tìrẹ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, nítorí ẹ̀rín rẹ̀, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Èyí ọkùnrin yìí ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ gùn, ṣòkòtò rẹ̀ kì í dúró ní ìdí. Mo wò ó, mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ó ti ní ikùn báyìí, ó ti dá irùngbọ̀n sí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni. Mo máa ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé ọmọ ilé ni, òun náà máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí pé mo jù ú lọ dáadáa, a sì jọ máa ń bọ̀wọ̀ fún ara wa bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti là, kí n máa pe ọmọdé lórúkọ. N kì í dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí mo bá gbogbo nǹkan nílẹ̀, ìkòkò àti àga àti àṣà, àwọn orúkọ yẹn nìkan ni mo mú wá fúnra mi.

A jọ lọ sí oko ní ọjọ́ kan lórí ọ̀kadà rẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ ṣì tutù. Lábẹ́ àwọn kòkó tó sún mọ́ odò, ewé eéran ti bo ilẹ̀, ó fẹ̀, ó ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan án, inú mi sì dùn bí ẹni tó bá ẹbí rẹ̀ pàdé. A wọn ibi tí a ó dá sí, a so okùn mọ́ igi, a jókòó lórí gbòǹgbò, a jẹ ẹ̀pà.

"Ìyàwó wa," ló wí, "bí wọ́n bá fún yín lówó yìí, ṣé ẹ ò ní gba ibẹ̀ fò lọ sí òkè òkun?"

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ta ni yóò máa se ẹ̀wà fún yín?"

"Ìyẹn ni mo ṣe ń bèèrè."

Ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí n fi kún ti èmi náà. Mo padà sílé, mo parí àbá náà, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí gbogbo ibi tó yẹ, mo fi orúkọ ìdílé wọn tì í lẹ́yìn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn tó sì máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, bá mi kà á láti òkè délẹ̀, ó tún àmì ìdánudúró bíi mélòó kan ṣe. Ọ̀gá kà á, wọ́n fọwọ́ sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo lọ sùn, oorun náà dùn.

Ìsinmi ilé-ìwé ni a wà nígbà tí fóònù dún. Mo jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń bá Màmá to ọ̀rá kéékèèké. Obìnrin kan ni, láti ọ́fíìsì àjọ náà. Gẹ̀ẹ́sì la sọ, nítorí kì í ṣe Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí kò bá èèyàn ṣeré. Ó ní àwọn ti yẹ àbá mi wò, ó sì wu àwọn, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí mo ní yóò bá mi bójú tó oko kò bá orúkọ tó wà lára ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mu. Ó ní àwọn kan ti fi ìwé ẹni ẹlẹ́ni ránṣẹ́ sí àwọn rí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú lónìí, wọn yóò yọ tèmi kúrò.

Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orúkọ gidi, nítorí pé lọ́dọ̀ tèmi, orúkọ gidi ni. Ó ti mọ́ ọkọ mi náà létí débi pé ojú rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìdúró.

"Ẹni tí ẹ kọ síbẹ̀ yìí, ta ni?" ni obìnrin náà bèèrè.

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Ta ló wá ni ìwé ẹ̀rí?"

"Òun náà ni."

"Madam, orúkọ mélòó ló ní?"

"Èyí tó wà lára ìwé ẹ̀rí, àwọn òbí rẹ̀ ló sọ ọ́. Èyí tí mo kọ, èmi ni mo sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo wọlé ọkọ."

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mò ń rì sí i. Létí ara mi pàápàá, mo gbọ́ bí ó ṣe ń dún bí irọ́. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ni orúkọ rẹ̀? Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni mo fi ya àwòrán ìwé ẹ̀rí náà. Ṣùgbọ́n n kò fi í sí ẹnu rí, ìyá tó bí i sì jókòó tì mí, orúnkún wọn ń kan tèmi. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi sí ara mi, gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. "Orúkọ ta ni wọ́n ń bèèrè?"

"Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

Mo wò wọ́n. Wọ́n wò mí. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n wo fóònù tó wà létí mi, wọ́n sì ju ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Èmi ni mo bí i," ni wọ́n wí. "Mo yọ̀ǹda. Pè é."

Mo pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ àṣírí.

"Mi ò gbọ́ yín," ni obìnrin náà wí. Nẹ́tíwọ̀kì kò dára.

Mo tún un pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè."

Ni mo bá dìde dúró láàárín ọ̀rá, mo di etí kejì mú, mo sì fi gbogbo agbára mi ké orúkọ ọmọ ilé, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ṣa ìrẹsì lábẹ́ òrùlé, kígbe háà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ohùn ọkùnrin kan sì dáhùn láti balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀ẹ́n! Ta ló ń pè mí?"

Bó ṣe jáde nìyẹn, aṣọ ìnura ní ìdí, ọṣẹ ní gbogbo ara.

"Ta nìyẹn?" ni obìnrin orí fóònù bèèrè.

"Òun náà nìyẹn, mà."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba fóònù, ó gbé e mọ́ etí ọlọ́ṣẹ, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ó ti ń retí kí wọ́n bi òun láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbọ́ tí obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà, òun kì í pe bàbá ọkọ òun lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ ní báńkì, ṣe ni òun ń wo biro. Àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́, kí n kọ àlàyé náà, kí èmi àti ẹni náà fọwọ́ sí i, kí n sì fi í ránṣẹ́ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Mo kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. N kò kí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ìtanràn kò ṣàì wà. Àwọn ìyàwó ilé péjọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí àga bí ọba, ó ti wọ aṣọ. Ó ní ìyàwó tó pe òun lórúkọ ní gbangba yóò se ìkòkò mọ́ínmọ́ín ńlá kan fún agbo ilé, kò sì gbọdọ̀ lo ọ̀rá.

"Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi?" ni Màmá wí.

"Ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Màmá," ló dá wọn lóhùn. Ó lọ já ewé náà fúnra rẹ̀, èmi ni mo sì se é, ìyálé mi ń dárin sí mi títí mọ́ínmọ́ín fi jinná. Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́ ìtàn náà, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n fi ẹ̀wù nu omijé ẹ̀rín. Wọ́n ní àwọn náà kà á, àwọn sì rò pé orúkọ náà ṣàjèjì, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ fi ojú kékeré wo orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ọlọ́mọ.

A wá ń dúró. Ilé-ìwé wọlé, ọyẹ́ dé, ewé gbẹ lójú ọ̀nà ìlú Ara. N kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí fóònù mi bá ti dún, gbogbo ilé á dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà ní yàrá àwọn olùkọ́, mo ṣí ímeèlì, mo kà á, mo tún un kà, mo gbé báàgì mi, mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé mo ń bọ̀. Wọ́n ti fún mi.

Màmá wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn. Wọn kò pariwo bí mo ṣe rò. Wọ́n ní kí n bá wọn tẹ́ ẹní. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n jókòó.

"Orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni wọ́n bèèrè.

"Orúkọ mi ni, Màmá."

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ìyàwó ni wọ́n ti ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, lẹ́yìn náà Ìyá ọmọ mi. N kò rò pé wọ́n mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí iṣẹ́ náà já mọ́ mi lọ́wọ́, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni wọ́n pè, gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sì fi ti bàbá mi tì í lẹ́yìn. Mo fẹ́ ṣe àmín. Ẹkún ló jáde.